Orin Tí Tàgbà-Tèwe Mọ̀, Lórí Dùùrù Oníná

Ọ̀rọ̀ dùùrù ni mo gbé wá lálẹ́ yìí, pàápàá dùùrù oníná, ọ́gáànù tí a máa ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn akọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ṣọ́ọ̀ṣì ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké kan wà káàkiri, ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn dùùrù oníná. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, wọ́n á gba gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tàbí gbọ̀ngàn fàájì àdúgbò, wọ́n á pe atẹdùùrù kan láti ìlú mìíràn, oníkálùkù á san owó ìwọlé tí kò ga, wọ́n á sì jókòó ti orin fún bí i wákàtí méjì ó lé. Kì í ṣe orin ìsìn ni wọ́n wá gbọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe iṣẹ́ àwọn àgbà olórin bí i Bach. Orin tí gbogbo ayé mọ̀ ni: orin inú fíìmù, orin ijó wọ́ọ̀sì, orin ìwọ́de ológun, orin àwọn Beatles, orin tí àwọn òbí wọn fi fẹ́ra wọn sọ́nà.

Ẹnìkan lè ní, “Kí ló kàn wá nínú fàájì àwọn Gẹ̀ẹ́sì?” Ó kàn wá o. Nígbà tí dùùrù yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù, ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, ọmọ Yorùbá kan wà lára àwọn tó ń fi í dá àwọn ará ibẹ̀ lára yá, nínú ilé ijó, lórí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù àti lórí rédíò BBC. Orúkọ rẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé. A ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìpẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín wọ inú gbọ̀ngàn náà ná.

(Dùùrù wọlé, orin wọ́ọ̀sì, ó rọlẹ̀ lábẹ́ ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀.)

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ rí ni orí ewú. Àwọn tó wà níbẹ̀, àgbàlagbà ni púpọ̀ nínú wọn, wọ́n ti mọra tipẹ́, kálukú ló ní àga tirẹ̀ tí kò sẹ́ni tó jẹ́ jókòó sí i. Níwájú, atẹdùùrù ti ń so okùn iná mọ́ra wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé dùùrù rẹ̀ wá nínú ọkọ̀ fáànù, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, iṣẹ́ ńlá sì ni. Hammond B-3, èyí tó lókìkí jù nínú àwọn dùùrù oníná àtijọ́, fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin bí ẹ bá ka àga rẹ̀ àti àtẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn ti òde òní fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ẹ̀yìn atẹdùùrù kì í fara rọ.

Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n á gbé kámẹ́rà kékeré kan sókè ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á gbé òmíràn sísàlẹ̀ níbi ẹsẹ̀, wọ́n á sì ju àwòrán rẹ̀ sára aṣọ funfun ńlá kí ará ẹ̀yìn náà lè rí i. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ọwọ́ nìkan ni wọ́n fi ń tẹ dùùrù, ẹsẹ̀ yẹn ni kí ẹ máa wò. Bàtà aláwọ tẹ́ẹ́rẹ́ ló wọ̀, èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò nípọn, kí àtẹ́lẹsẹ̀ lè mọ ibi tó ń tẹ̀ láìwolẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì nìkan ló ń tẹ báàsì, ó ń fi orí ìka tẹ ọ̀kan, ó ń fi gìgísẹ̀ tẹ èkejì, ó ń fò láti ìpẹ̀kun kan dé àárín. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kò kúrò lórí pẹ́dà tó ń gbé ohùn sókè tó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ọwọ́ òsì wà lórí àtẹ ìsàlẹ̀, ó ń di kọ́ọ̀dù mú. Ọwọ́ ọ̀tún wà lókè, òun ló ń kọ orin fúnra rẹ̀. Gbogbo ìyẹn ń lọ, ojú rẹ̀ wà lára àwọn tó wá gbọ́ ọ, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ìyá àgbà kan tó ń fi ìka lu àpò ọwọ́ rẹ̀.

Láàárín orin kan sí èkejì, á bá wọn sọ̀rọ̀. Á sọ orúkọ orin, fíìmù tó ti jáde, ọdún tó gbòde, ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́. Bó bá jẹ́ aláwàdà, á fi ẹ̀fẹ̀ sí i. Nígbà tó bá di ìdajì, wọ́n á sinmi mu tíì pẹ̀lú bísíkíìtì, wọ́n á ta tíkẹ́ẹ̀tì ráfù, ẹni tó bá jẹ á gba ìgò wáìnì tàbí páálí ṣokoléètì. Owó ráfù yẹn náà ni wọ́n fi ń bù sí owó tí wọ́n máa san fún àlejò. Ìnáwó ẹgbẹ́ ni, ẹ kúkú mọ bí ó ṣe ń rí.

Àwọn kan máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú irú orin báyìí. Wọ́n á ní orin tó rọrùn ni, orin tí kò nílò ẹ̀kọ́. Èmi kò gbà. Bí atẹdùùrù bá ṣi nóòtì kan mú nínú iṣẹ́ Bach, bóyá ènìyàn méjì péré nínú gbọ̀ngàn ló máa mọ̀. Bó bá ṣì í mú nínú orin tí gbogbo wọn ti ń kọ láti kékeré, gbogbo orí ewú yẹn ló máa yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí mìíràn tún wà. Orin tó ní ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń tẹ̀, dùùrù kò sì lẹ́nu. Bí ènìyàn bá tẹ pianó, ohùn rẹ̀ á ró, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú fúnra rẹ̀. Ti dùùrù kò rí bẹ́ẹ̀: níwọ̀n ìgbà tí ìka bá wà níbẹ̀, ohùn náà á máa dún lọ ní dọ́gbadọ́gba ni. Nítorí náà, ibi tí akọrin yóò ti mí, ìka gbọ́dọ̀ gbéra níbẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti parí, ohùn gbọ́dọ̀ gé. Atẹdùùrù tí kò bá mọ ọ̀rọ̀ inú orin, kò lè tẹ orin náà dáadáa, kódà bó bá mọ gbogbo nóòtì rẹ̀. Ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n, ẹ ó rí i tí ètè àwọn tó wà níwájú ń mì láìsí ohùn.

Níbo ni àṣà yìí ti wá? Sinimá ni. Láyé ìgbà tí fíìmù kò tíì máa sọ̀rọ̀, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà tí yóò máa tẹ orin sí ohun tí wọ́n ń wò, dùùrù onípáìpù ńláńlá ni wọ́n sì kó sí àwọn ilé sinimá fún iṣẹ́ yẹn, Wurlitzer láti Amẹ́ríkà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ jù. Nígbà tí fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, dùùrù kò kúrò lọ́kàn àwọn ènìyàn. Ní ìlú Blackpool, etí òkun níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńláńlá ti ń lo ọlidé, Reginald Dixon jókòó sídìí Wurlitzer ní gbọ̀ngàn ijó Blackpool Tower láti 1930 títí di 1970. Ogójì ọdún! BBC ń gbé e sáfẹ́fẹ́, gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ìlú mélòó ló lè ra Wurlitzer? Ohun tó mú dùùrù kúrò nínú ààfin sinimá wọ inú gbọ̀ngàn kékeré ni ẹ̀rọ tí ẹnìkan tí kì í ṣe olórin ṣe.

Laurens Hammond ni orúkọ ẹni náà, ará Amẹ́ríkà, ní agbègbè Chicago. Kò mọ dùùrù tẹ̀. Aago ló ń ṣe. Ó ti ṣe mọ́tò kékeré kan tó ń yí ní ìwọ̀n kan náà láìyẹsẹ̀, tó ń tẹ̀ lé bí iná mànàmáná ṣe ń lọ tó ń bọ̀ nínú wáyà, mọ́tò yẹn ló sì fi ń wa aago. Ó wá rò ó pé ohun tó lè yí láìyẹsẹ̀ lè mú ohùn jáde láìyẹsẹ̀. Ní 1934 ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀, ní 1935 dùùrù Hammond jáde fáráyé rí.

Ẹ bá mi ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Kò sí páìpù, kò sí atẹ́gùn. Ọ̀pá irin kan ni mọ́tò ń yí, òun ló sì ń yí àwọn àgbá irin kéékèèké, mọ́kànlélàádọ́rùn-ún lórí èyí tó gbajúmọ̀ jù, tí etí wọn rí gbágungbàgun. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá kọ̀ọ̀kan ni òòfà kan wà tí wọ́n fi wáyà yí. Bí gbágungbàgun yẹn ṣe ń kọjá níwájú òòfà ni iná tín-ínrín ń gba inú wáyà kọjá, àgbá kọ̀ọ̀kan sì ní ìwọ̀n ohùn tirẹ̀. Lókè àtẹ, ọ̀pá mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án wà tí a ń fà jáde tàbí tì wọlé, wọ́n kọ nọ́ńbà 1 dé 8 sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí atẹdùùrù bá fà jù ni ohùn rẹ̀ á pọ̀ jù nínú àdàpọ̀ náà. Bó bá fa ti ìsàlẹ̀, ohùn náà á nípọn. Bó bá fa ti òkè, á mú bí ìfé. Inú ìfà-tì yìí ni atẹdùùrù kọ̀ọ̀kan ti ń rí ohùn tirẹ̀, tó jẹ́ pé ẹni tó bá mọ̀ wọ́n, bó bá gbọ́ lórí rédíò lásán, á ti mọ ẹni tó wà nídìí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí pa yín lẹ́rìn-ín díẹ̀. Nítorí pé iná ló ń pinnu bí mọ́tò ṣe ń yára tó, iná náà ló ń pinnu ohùn orin. Iná Amẹ́ríkà ń lọ tó ń bọ̀ nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, iná tiwa àti ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 50. Ẹni tó bá gbé Hammond àtijọ́ bọ̀ láti Chicago, tó kàn so ó mọ́ iná l'Ékòó láìjẹ́ pé wọ́n tún mọ́tò rẹ̀ ṣe, orin tó bá tẹ̀ á rẹlẹ̀ gan-an, tí fèrè kankan kò ní lè bá a lọ. Ẹ wá ro ti jẹnẹrétọ̀. Iná ọba lọ láàárín orin ìyìn, wọ́n sáré tan jẹnẹrétọ̀, ẹnìkan fi áyọ́ọ̀nù sí iná nílé pásítọ̀, jẹnẹrétọ̀ mí kanlẹ̀, dùùrù bá rọ̀ wálẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àwọn sọ̀pránò. Àwọn dùùrù òde òní tí kọ̀ǹpútà ń darí kò ní ìṣòro yìí mọ́, a dúpẹ́.

Àwọn tó ń ṣe dùùrù onípáìpù kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ Hammond yìí rárá. Ẹjọ́ dé iwájú àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó òwò, ní 1936: wọ́n ní ẹ̀rọ tí kò ní páìpù kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ara rẹ̀ ní dùùrù, irọ́ sì ni ìpolówó rẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣe ìdánwò ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Yunifásítì Chicago. Wọ́n tẹ orin lórí dùùrù onípáìpù tó jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùndínlọ́gọ́rin dọ́là, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ lórí Hammond tí owó rẹ̀ kò tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, wọ́n fi àwọn ohun tó ń gbé ohùn rẹ̀ jáde pamọ́, wọ́n ní kí àwọn tó ń gbọ́ sọ èwo ni èwo. Àwọn olórin pàápàá ṣì í mọ̀ ní nǹkan bí ìgbà kan nínú mẹ́ta. Ìdájọ́ jáde ní 1938: wọ́n ní kí Hammond má ṣe sọ mọ́ pé ẹ̀rọ òun lè mú gbogbo ohùn dùùrù onípáìpù jáde, ṣùgbọ́n wọn kò gba orúkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Tipátipá ló fi jẹ́ dùùrù, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó sì tètè rà á kì í ṣe kékeré: Henry Ford onímọ́tò, George Gershwin olórin. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tí kò lówó páìpù, àwọn ilé ijó, àti àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò.

(Orin dùùrù, jáàsì, ó rọlẹ̀.)

Ó wá kan Fẹlá Ṣówándé. Ọdún 1905 ni wọ́n bí i, àlùfáà ni bàbá rẹ̀, ó sì kọrin ní kékeré nínú ẹgbẹ́ akọrin Kàtídírà Kírísítì ní Màrínà, l'Ékòó. Níbẹ̀ ló ti bọ́ sábẹ́ T. K. E. Phillips, ẹni tó jókòó sídìí dùùrù Kàtídírà yẹn láti 1914 títí di 1962. Ní àárín àwọn ọdún 1930 ló wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1936, òun ló wà nídìí pianó nígbà tí wọ́n ṣe *Rhapsody in Blue* ti Gershwin, ó sì tẹ pianó nínú eré orí ìtàgé àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń pè ní *Blackbirds*. Fats Waller, àgbà onípianó jáàsì láti Amẹ́ríkà, òun àti Ṣówándé jọ tẹ pianó méjì pọ̀.

Ní 1938, Adelaide Hall, akọrin aláwọ̀ dúdú láti New York tó ti ń gbé ní Paris, kó wá sí Lọ́ńdọ̀nù, òun àti ọkọ rẹ̀ sì ní ilé fàájì kan ní Mayfair tí wọ́n ń pè ní Florida Club. Ṣówándé ló ń tẹ dùùrù Hammond níbẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: òru Lọ́ńdọ̀nù, ogun ń rúgbó bọ̀, àwọn olówó nínú aṣọ alẹ́, ìyá olóhùn dídùn yẹn lórí ìdúró, ọmọ akọrin Kàtídírà Màrínà lórí àga dùùrù, ó ń fa ọ̀pá jáde, ó ń ti ọ̀pá wọlé. Orin ìfẹ́, orin ijó, orin fíìmù tó jáde lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n jọ ṣe àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní 1939, orúkọ Ṣówándé sì wà lára àwo. Dùùrù Hammond kò tíì pé ọdún márùn-ún lórí ilẹ̀ ayé nígbà yẹn o! Ọdún yẹn náà ni Vera Lynn kọ orin tó sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká nígbà ogun, *We'll Meet Again*, ẹ̀rọ oníná mìíràn láti ilé-iṣẹ́ Hammond kan náà ni wọ́n sì tẹ̀ sí i lábẹ́. Ohùn dùùrù oníná ló gba etí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù lásìkò yẹn, Yorùbá sì wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tó wú mi lórí jù nìyí. Lálẹ́, ilé ijó. Lọ́sàn-án, Ṣówándé ń kọ́ dùùrù onípáìpù àti ìmọ̀ orin ìjìnlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn àgbà Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1943, ó di ọmọ ẹgbẹ́ àgbà nínú Royal College of Organists, ìdánwò tí ọ̀pọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kì í yege. Ó ń tẹ dùùrù lórí BBC. Lẹ́yìn náà ó di olórí akọrin àti atẹdùùrù ní Kingsway Hall, ibùdó àwọn Mẹ́tọ́díìsì ní àárín Lọ́ńdọ̀nù. Ó kọ àwọn iṣẹ́ dùùrù tí ó gbé ka orí orin ilẹ̀ wa: *Ọ̀yígíyigì*, *Ká Múra*, *Ọbáńgíjì*. Ó kọ *African Suite* ní 1944. Ẹ gbọ́ èyí o: orin tó kẹ́yìn nínú iṣẹ́ yẹn, *Akinla*, orin háíláìfù ló wà nídìí rẹ̀, orin ijó tí àwọn ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ń jó. Ó mú un, ó fi fọlíìnì wọ̀ ọ́ láṣọ, ó sì lọ jìnnà. Ní Kánádà, ètò rédíò kan tí wọ́n ń pè ní *Gilmour's Albums*, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1956 tí kò sì parí títí di 1997, orin Ṣówándé yìí ló fi ń ṣí ètò. Àwọn ará Kánádà ń gbádùn orin ijó wa, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ ibi tó ti wá.

Bí àwọn ènìyàn wa bá ń sọ ìtàn Ṣówándé, ilé ijó ni wọ́n máa ń fò dá. Wọ́n á sọ ti Kàtídírà, wọ́n á sọ ti oyè MBE tó gbà ní 1956, ti bó ṣe padà wálé ní 1953 láti darí ọ̀rọ̀ orin ní ilé-iṣẹ́ rédíò Nàìjíríà, ti iṣẹ́ olùkọ́ tó ṣe ní Ìbàdàn àti ní Amẹ́ríkà, títí tó fi kú ní Ohio ní 1987. Florida Club á di ohun ìtìjú tí a ò gbọ́dọ̀ dárúkọ, àfi bí ẹni pé ebi ló lé e débẹ̀. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi orin tí gbogbo ènìyàn mọ̀ dá àwọn onífàájì lára yá fún ọdún púpọ̀, òun ló mọ ibi tí orin háíláìfù ti ń gba ọkàn ènìyàn. Ilé ijó ló kọ́ ọ, gẹ́gẹ́ bí Kàtídírà ṣe kọ́ ọ.

Òun nìkan kọ́. Fẹlá kejì, Fẹlá Aníkúlápó, bàbá bàbá rẹ̀ jẹ́ àlùfáà tó gba orin ìyìn Yorùbá sórí àwo ní Lọ́ńdọ̀nù fún ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Zonophone. Ọmọ-ọmọ jókòó sídìí dùùrù oníná, ó ń tẹ Afrobeat. I. K. Dairo gbé akọ́díọ̀nù wọ inú jùjú, oyè MBE sì kàn án ní 1963. Akọ́díọ̀nù náà, ìbátan dùùrù ni.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ̀ sílé báyìí. Àwọn atẹdùùrù inú ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ orin ayé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ẹ lọ sí ìdúpẹ́ ìkórè, ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ bá ń jó lọ síwájú pẹpẹ. Ọ̀rọ̀ orin lè jẹ́ ti Olúwa, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì atẹdùùrù yẹn, Ebenezer Obey ló ń bá sọ̀rọ̀. Bí ìsìn bá tán, tí pásítọ̀ ti wọ inú yàrá lọ, ẹ ó gbọ́ Victor Ọláìyá lórí dùùrù, wẹ́rẹ́, kí wọ́n tó pa iná. Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, àwọn àgbà ìjọ á di ojú. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi aṣọ bo dùùrù, wọ́n á ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn, ó di Ọjọ́rú tí akọrin bá wá kọ́ orin. Dùùrù tí ìjọ fi owó ìkórè rà, tó jẹ́ pé tọjọ́ tọjọ́ ló ń sùn lábẹ́ aṣọ!

N kò sọ pé kí a daṣọ Gẹ̀ẹ́sì wọ̀. Ìrọ̀lẹ́ dùùrù wọn yẹn ní àbùkù tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn atẹdùùrù ibẹ̀ ti fi iṣẹ́ ìlù lé ẹ̀rọ lọ́wọ́: wọ́n á tẹ bọ́tìnnì kan, ìlù á máa dá lu ara rẹ̀, gbọnrangandan, láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin, tí kò ní yára tí kò ní falẹ̀. Fún etí ọmọ Yorùbá, ìyẹn kò jẹ́ ìlù rárá. Orin wọn náà kì í sábà kọjá ọdún 1970 sí 1980, ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀dọ́ kì í fi í yọjú. Àwọn tó ń ra dùùrù sínú ilé ti dín kù, nítorí kíbọọ̀dù kékeré kò wọ́n, ó sì ń ṣe ohun púpọ̀. Ilé-iṣẹ́ Hammond fúnra rẹ̀ ti dáwọ́ dùùrù alágbàá irin dúró láti 1975, ilé-iṣẹ́ Suzuki ti Japan ló ń lo orúkọ náà lónìí. Àwọn ẹgbẹ́ náà ń tú ká lọ́kọ̀ọ̀kan bí àwọn àgbà ṣe ń lọ.

Àwa ní ohun tí wọn kò ní. A ní àwọn ọ̀dọ́ tó ń tẹ dùùrù. Kò sí àdúgbò kan ní ìlú ńlá wa tí ẹ kò ní rí ọmọdékùnrin tàbí ọmọbìnrin kan tó lè gbọ́ orin lẹ́ẹ̀kan kó sì tẹ̀ ẹ́ jáde. A ní onígángan tí yóò jókòó tì í, tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nílò bọ́tìnnì ìlù. A sì ní orin. Bobby Benson, Roy Chicago, Haruna Ìṣọ̀lá, orin eré Ògúndé, orin Dairo: ẹni tó bá fa ọ̀pá àárín díẹ̀ tó sì fi ti òkè sílẹ̀ díẹ̀, akọ́díọ̀nù Dairo á jáde lórí ọ́gáànù ṣọ́ọ̀ṣì yín. Ẹ gbìyànjú ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀, ẹ̀yin ọ̀gá akọrin, ẹ̀yin àlùfáà, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìjọ. Bí kò bá ṣeé ṣe nínú ilé ìsìn, gbọ̀ngàn ìjọ wà. Ẹ yan ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, ẹ gbé dùùrù síbẹ̀, ẹ pe àwọn ọmọ tó ń tẹ̀ ẹ́ ní àdúgbò, ẹ ní kí wọ́n tẹ orin tí bàbá àti ìyá wọn fi ṣègbéyàwó. Ẹ fi àga síwájú fún àwọn àgbà. Ẹ ta tíkẹ́ẹ̀tì ráfù bí ẹ bá fẹ́, kí ẹ fi àpò ìrẹsì ṣe ẹ̀bùn, kì í ṣe ìgò wáìnì. Kí ẹ sì rántí láti tẹ *Akinla* kí wọ́n tó túká, kí ẹ dárúkọ ẹni tó ni ín.

Ẹ̀bẹ̀ kejì: ẹni tó bá ní àwo rẹ́kọ́ọ̀dù Ṣówándé àtijọ́ nínú àpótí bàbá rẹ̀, ti Adelaide Hall yẹn tàbí èyíkéyìí mìíràn, kó má dà á nù o, kó má sì tà á fún aláàkísà. Ẹ mú un wá sí ilé-iṣẹ́ rédíò wa, a ó gbà á sílẹ̀, a ó dá tiyín padà fún yín, a ó sì gbé e sáfẹ́fẹ́ nínú ètò yìí.

(Dùùrù wọlé, orin háíláìfù, títí dé òpin.)